Téèpù Kì í Bá Ẹlẹ́sẹ̀ Fò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Òwe yìí yé akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan yékéyéké nígbà tí ó lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní Apá, ìlú àwọn Ògù ní agbègbè Àgbádárìgì. Ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ni ó ń kọ́ wọn níbẹ̀. Yanrìn tí kò wọ́n wọn fún kòtò ìfò náà ni ó máa ń yẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí ìdíje ilé-ìwé ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọbìnrin tó mọ̀ ọ́n fò jù lọ láàárín wọn fi ẹsẹ̀ òsì rọ́, ẹsẹ̀ tí ó fi ń tẹ ilẹ̀ kí ó tó fò. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́rin, ọrùn ẹsẹ̀ náà kò wú mọ́, ọmọ náà sì ń rìn dáadáa. Ó kúnlẹ̀ níwájú olùkọ́ rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi téèpù dì í. Bí ẹ bá ti dì í, màá fò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

Olùkọ́ náà kò lè dá ọmọ náà lẹ́bi. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ìtàn Chioma Ajunwa fún wọn, ẹni tí ó fò jìnnà tó mítà 7.12 ní ìlú Atlanta ní ọjọ́ 2, oṣù kẹjọ, ọdún 1996, tí ó sì gba wúrà Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà. Àwọn olùkọ́ yòókù pàápàá ń rọ̀ ọ́ pé kí ó di ẹsẹ̀ náà, kí ilé-ìwé má baà pàdánù.

Dípò kí ó mú téèpù, okùn ìwọn ni ó mú. Ó ní kí ọmọ náà fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan fò lọ síwájú, kí ó sì fi ẹsẹ̀ kan náà balẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gbé e dé sẹ̀ǹtímítà 150; ti òsì kò kọjá 120. Èyí já sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ìdá 90 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń wò kí eléré tó padà sórí pápá. Ó wá fi téèpù di ẹsẹ̀ òsì, ó tún un wọ̀n. 120 náà ni.

Kí ni téèpù wá ń ṣe? Kì í jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ tètè yí sínú, nítorí náà ó wúlò fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ́ rí, kí ó má baà rọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n kò fi agbára kún iṣan. Nígbà mìíràn, ó tilẹ̀ máa ń dín ìfò kù díẹ̀, nítorí pé ó ń dí àtẹ́lẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti na tán nígbà tí eléré bá ń ti ilẹ̀. Bí eré bá sì ti gbóná tó ìṣẹ́jú 20 sí 30, òógùn àti ìṣípòpadà yóò ti tú púpọ̀ nínú ìdè rẹ̀.

Ọmọ náà kò fò nínú ìdíje náà. Okùn ìwọn ni ó bá wọn dì mú ní etí kòtò, omijé sì wà lójú rẹ̀. Ilé-ìwé pàdánù, àwọn kan kò kí olùkọ́ náà dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan.

Láti ọjọ́ kejì, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ òsì nìkan dúró, ó ń gbé gìgísẹ̀ sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, láràárọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ìdánrawò náà, wọ́n tún un wọ̀n: ọ̀tún 150, òsì 141. Ìgbà náà ni olùkọ́ mú téèpù jáde, tí ó di ọrùn ẹsẹ̀ náà fún ààbò, tí ó sì ní kí ó máa fò.

Ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ pé ohun tí a fi ń dáàbò bo ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí a fi ń bo àìlera rẹ̀ mọ́lẹ̀. Okùn ìwọn ni yóò fi ìyàtọ̀ náà hàn án.