Àìsàn Ọkọ̀ Vespa Mi

Àwọn àgbà ní bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ, nítorí pé ẹ̀rọ kò ní ẹnu tí yóò fi sọ ibi tí ń dùn ún. Àmì nìkan ni í fi hàn. Ẹni tí ó bá ní sùúrù láti ka àmì náà ni yóò mọ àrùn tí ń ṣe é.

Mo ní ọkọ̀ Vespa àtijọ́ kan tí mo jogún lọ́wọ́ baba mi, ẹni tí òun náà ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ìlú Pontedera ní ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1946. Corradino D'Ascanio, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ òfuurufú tẹ́lẹ̀, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Agbọ́n ni ìtumọ̀ Vespa ní èdè Ítálì. Ẹni tí ó bá sì ti gbọ́ bí ó ti ń kùn lọ lójú títì yóò gbà pé orúkọ náà bá a mu.

Ní ìgbà ọyẹ́ kan, ohùn agbọ́n yìí yí padà. Bí mo bá fẹsẹ̀ ta á láàárọ̀, yóò jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yóò sì gbé mi lọ geerege fún bí i kìlómítà 3. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí yóò máa ta gìrì bí ẹṣin tí ó rí ejò, títí tí yóò fi kú. Bí mo bá sinmi díẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, yóò tún jí, yóò gbé mi síwájú díẹ̀, yóò sì tún kú.

Mo tì í lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Kò tilẹ̀ tú nǹkan kan wò tí ó fi mi orí.

"Ẹ má bínú o, Tíṣà," ni ó wí, "ẹ́ńjìnnì yín ti gbó. Písítìnì àti sílíńdà tuntun ni yóò gbà."

Iye tí ó pè ju owó oṣù mi kan lọ. Nígbà tí mo délé, àbúrò mi ní kí n kúkú tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ni baba mi máa ń gbé mi sí lọ sí ilé-ìwé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo ní kí ó fún mi ní ọjọ́ Sátidé kan péré.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo rán ara mi létí ohun tí ẹ̀rọ ń fẹ́. Ó ń fẹ́ epo àti afẹ́fẹ́ tí ó pò pọ̀ ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Ó ń fẹ́ iná tí yóò ta pàrà ní àkókò tí ó yẹ. Ó ń fẹ́ kí sílíńdà fún afẹ́fẹ́ náà mọ́ra láìjò. Ó sì ń fẹ́ kí èéfín rí ọ̀nà jáde. Èyí tí ó rọrùn jù ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí á fi èyí tí ń náni lówó ṣe ìkẹyìn. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí ara ẹ̀rọ bá yá, a kò ní mọ èyí tí ó wò ó sàn.

Púlọ́ọ̀gì ni mo kọ́kọ́ tú. Bí epo bá pọ̀ jù, ẹnu rẹ̀ yóò dúdú. Bí epo bá kéré sí afẹ́fẹ́, yóò funfun. Bí ohun gbogbo bá dọ́gba, yóò ní àwọ̀ ẹ̀pà yíyan. Tèmi funfun. Àlàfo ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.6, bí ó ti yẹ. Nígbà tí mo sì gbé e ti ara irin ẹ̀rọ, jìnnà sí epo, tí mo fẹsẹ̀ ta ẹ̀rọ náà, iná rẹ̀ ta pàrà. Iná kò ní ẹ̀bi. Ẹ̀rọ tí ń jí wéré, tí ó sì ń sáré dáadáa fún kìlómítà 3, kò jọ èyí tí písítìnì rẹ̀ ti gbó. Ebi epo ni ó ń pa á.

Mo tú kabúrétọ̀, mo yẹ ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ wò. Wọ́n mọ́ tónítóní. Mo wá yọ rọ́bà tí epo ń gbà láti inú táńkì, mo ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò ní ìta gbangba níbi tí kò sí iná, mo sì ṣí epo. Ó kọ́kọ́ ń tú yàà. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó di tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà ó ń kán tó, tó, tó. Mo ṣí ìdérí táńkì, mo gbọ́ tí afẹ́fẹ́ wọlé fìì, epo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú yàà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rántí mílíìkì inú agolo. Bí ẹ bá lu ihò kan ṣoṣo sí i lórí, kò ní fẹ́ jáde. Bí ẹ bá lu èkejì, yóò máa ṣàn. Ihò kan ni mílíìkì ń gbà jáde, èkejì ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni táńkì rí. Ihò bíńtín kan wà lára ìdérí rẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Eruku ọyẹ́ àti ọ́ìlì ti lẹ̀ pọ̀, wọ́n sì dí i pa. Nígbà tí mo bá sinmi lẹ́bàá ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀; ìdí nìyẹn tí ó fi ń tún jí. Mo fi omi ọṣẹ àti abẹ́rẹ́ ṣí ihò náà, mo gùn ún lọ sí kìlómítà 15 láìdúró. Kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kọ́bọ̀ kan kò sì jáde lápò mi.

N kò sọ èyí láti fi mẹkáníìkì ṣe yẹ̀yẹ́. Bí sílíńdà bá gbó ní tòótọ́, ọ̀dọ̀ wọn náà ni a ó lọ. Ohun tí mo ń wí ni pé ìdájọ́ kò gbọdọ̀ ṣáájú ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lóde òní kò lo epo tí a po ọ́ìlì mọ́ bí i tèmi. Síbẹ̀ ìbéèrè kan náà ni a ó bi wọ́n: epo ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Iná ńkọ́? Bí ìṣirò bá ta kókó fún yín, tàbí bí ẹnìkan bá fẹ̀sùn kan ọ̀rẹ́ yín, ẹ ṣe bákan náà: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó rọrùn, ẹ yẹ nǹkan wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rí sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dájọ́. Ẹni tí ó bá kánjú lè ju ohun iyebíye nù nítorí ihò tí abẹ́rẹ́ lásán lè ṣí.