Láti Lafẹ́nwá dé Ọ̀dẹ̀dá nínú Ìjàpá Àtijọ́

Ìrìn àjò tí mo fẹ́ kí a jọ rìn kò jìnnà. Lafẹ́nwá ni a ó ti gbéra, a ó gba Aké kọjá, a ó sì dé Ọ̀dẹ̀dá. Ọkọ̀ tí a ó wọ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀: Volkswagen àtijọ́ tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá.

Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní ilé iṣẹ́ Volkswagen, lọ́nà Bàdágìrì, ní Èkó. Ní 1976 ni bàbá mi, tí àwọn náà jẹ́ olùkọ́, ra tiwọn. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nígbà náà ló wà nínú ìwé ọkọ̀ títí di òní. A ti pààrọ̀ táyà, a ti pààrọ̀ píísìtìnì, a ti kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó bá wá sáyé ló ṣì ń lò. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, ọdún 2003, ni wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn irú rẹ̀ ní Mẹ́síkò, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 21 lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n yọ ẹ́ńjìnnì arúgbó yìí, kí n ra tọ́kùnbọ̀ sí i. Ọ̀kan tilẹ̀ mú owó wá, ó fẹ́ rà á ní irin àlòkù. Ẹ bá mi ká lọ, kí ẹ wá dá ẹjọ́ náà.

Ní Lafẹ́nwá, kí oòrùn tó mú ni mo máa ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì mi.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá."

"Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o. Ìjàpá jí dáadáa bí?"

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí wọ́n tó wọn àlàfo fáàfù. 0.15 mìlímítà ni àlàfo náà. Bí ó bá fún jù, fáàfù á jó. Bí ó bá fẹ̀ jù, á máa dún ta-ta-ta bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọ́ìlì kàn. Lítà méjì àti ààbọ̀ péré ló ń gbà, asẹ́ onírin kékeré nìkan ló sì ń sẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dà á nù tí a ń rọ tuntun nígbàkúùgbà tí ó bá ti rin 5,000 kìlómítà. Ẹni tó bá ń ṣahun ọ́ìlì yóò fi ẹ́ńjìnnì san án.

A kọjá afárá odò Ògùn, ó di Sápón àti Ìtòkú, níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà láàárín àwọn aládìrẹ. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, kò sì mu omi. Fáànù ló ń fẹ́ ẹ, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló sì ń yí fáànù àti dínámò pọ̀. Bí bẹ́líìtì bá já, iná pupa á tàn níwájú awakọ̀. Má wò ó pé ilé kò jìnnà mọ́. Dúró lójú ẹsẹ̀. Èmi kì í jáde láìmú bẹ́líìtì mìíràn àti sípánà rẹ̀ dání.

Nígbà tí a bá ń gun òkè Aké, tí Olúmọ ń wò wá, ni àwọn tí kò mọ̀ ọ́n wà ń ba tiwọn jẹ́. Wọn a fi jíà ńlá gùn ún, ẹ́ńjìnnì a máa mí hẹlẹ-hẹlẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra yí, fáànù náà ń rọra yí nìyẹn, ooru á sì gbà á. Jíà kékeré ni kí ẹ fi gun òkè. Àpáta tó dáàbò bo àwọn baba wa nígbà tí wọ́n tẹ̀dó síbí ní 1830 kì í dẹwọ́ fún ọkọ̀ ẹnikẹ́ni.

A gba Àdàtán, a dé Ọ̀bántokò. Lọ́dún kan, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan tú àwọn páànù tó yí ẹ́ńjìnnì mi ká, ó ní ẹrù lásán ni. Kí n tó dé Òṣíẹ̀lẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti gbóná bí ààrò. Àwọn páànù wọ̀nyẹn ló ń darí atẹ́gùn tútù sí ibi tó yẹ, àwọn ni kì í jẹ́ kí ooru padà wọlé. Orí ààtàn ni ọ̀gá Lafẹ́nwá ti ṣà wọ́n padà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀, ọ̀nà là, oko ẹ̀gẹ́ wà lọ́tùn-ún lósì, ẹ́ńjìnnì sì ń kọrin. Ibẹ̀ ni mo máa ń rántí ọkọ̀ òfurufú Blériot kan tó wà ní Old Warden, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 1909 ni wọ́n ṣe é. Nínú gbogbo ọkọ̀ òfurufú ayé tó ṣì lè fò pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ gan-an, òun ló dàgbà jù. Sílíńdà mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì Anzani rẹ̀ ní, atẹ́gùn ló sì ń tù ú bíi ti Ìjàpá. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í fi agbára lò ó: ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀ ni wọ́n ń gbé e fò ráńpẹ́ lórí pápá. Ẹ má sì rò pé Ìjàpá kò bá òfurufú tan. Àwọn ará Yúróòpù ti fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sínú ọkọ̀ òfurufú kékeré tó ń gbé ènìyàn kan. Nínú àlọ́, Ìjàpá ní láti yá ìyẹ́ kó tó fò. Ti Volkswagen kò yá nǹkan kan.

A dé Ọ̀dẹ̀dá. Ẹjọ́ mi nìyí. Irin ẹ́ńjìnnì yìí kò tíì tán. Àwọn ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ló ń tán lọ. Ọ̀gá mi ti dàgbà, ọmọṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì kù tó lè wọn fáàfù láìbi í léèrè. Àwọn yòókù ti lọ sídìí ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà, n kò sì bá wọn wí. Nítorí náà, owó tí ǹ bá fi ra tọ́kùnbọ̀, irinṣẹ́ ni mo fi rà fún ọmọ náà de ọjọ́ ìyọ̀nda rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá yín, tàbí kẹ̀kẹ́ Raleigh bàbá yín nílé, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, kí ẹ sì wá ọmọ tí yóò kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣe é nísinsìnyí tí ojú ọ̀gá ṣì ń ríran.