Àwa Tí A Kọ́ Máòsì ní Pánṣẹ́kẹ́

Àwa tí a kọ́ kọ̀ǹpútà ní Abẹ́òkúta ní nǹkan bí ọdún 1995 sí 2003, ní Pánṣẹ́kẹ́, Ìbarà àti Òkè-Ìlẹ̀wó, ọ̀pọ̀ wa ni kò ní ẹ̀rọ náà nílé. Ènìyàn mẹ́ta nídìí ẹ̀rọ kan ni. Ọ̀kan á di máòsì mú, àwọn méjì tó kù á máa pariwo: "Rọra! O ti kọjá ibẹ̀!"

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ṣáájú kò fi bẹ́ẹ̀ nílò máòsì. WordPerfect 5.1 ni wọ́n fi ń tẹ ìwé, bọ́tìnnì nìkan ni wọ́n ń lò: F7 láti jáde, Shift pẹ̀lú F7 láti tẹ iṣẹ́ sórí bébà. Windows ló sọ ọwọ́ di òpè. A ó ti máòsì títí yóò fi dé etí tábìlì, a ò ní mọ̀ pé ṣe ni ká gbé e, ká dá a padà sáàárín. Ká tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì wéréwéré tún wá le jùyẹn lọ.

Solitaire, eré káàdì orí kọ̀ǹpútà, ló là wá lọ́nà. Àwọn olùkọ́ kan ń lé wa kúrò nídìí rẹ̀, wọ́n ní eré ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ gidi ni. Láti ọdún 1990 ni Microsoft ti fi í sínú Windows 3.0. Káàdì tí à ń wọ́ láti ibì kan sí ibòmíràn ló kọ́ ọwọ́ wa ní ìwọ̀n.

Bọ́ọ̀lù rọ́bà ló wà nínú máòsì ìgbà náà. Bó bá ń yí lórí tábìlì, yóò máa yí ọ̀pá tín-ín-rín méjì: ọ̀kan fún òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀tún àti òsì. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku á dì mọ́ àwọn ọ̀pá náà bí òrùka dúdú, ọfà ojú ẹ̀rọ á sì máa há. A ó ṣí abẹ́ rẹ̀, a ó yọ bọ́ọ̀lù, a ó fi èékánná ha ìdọ̀tí kúrò. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀gá ni láàárín wa. Nígbà mìíràn, ká tó dá bọ́ọ̀lù padà, NEPA ti mú iná lọ, iṣẹ́ tí a kò tíì fi pamọ́ sì ti bá a lọ.

Fóònù làwọn ọmọ wa bá pàdé ní tiwọn. Síbẹ̀, láti 2015, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ìdánwò JAMB, àjọ náà sì ti ṣètò bọ́tìnnì mẹ́jọ fún ọmọ tí kò mọ máòsì lò. Ó ṣeun, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì mẹ́jọ kò tó ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ẹ wá máòsì kan fún ọmọ yín, kí ẹ sì jókòó tì í.