Sàfárì Ẹni Tó Ń Gbé Ojú Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀

Ọ̀nà tó gba iwájú Okokomaiko kọjá kò parí sí Àgbádárìgì. Gbogbo àwa tí à ń gbé Ìbà àti Ọ̀jọ́ la mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ta ló ráyè ro ìyẹn? Bí a bá dárúkọ ọ̀nà náà, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ló ń sọ sí wa lọ́kàn, àti iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́dún 2009, àti ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ní yóò dé ọ̀dọ̀ wa, tó jẹ́ pé nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́dún 2023, Mile 2 ló ti ń ṣẹ́rí padà. Síbẹ̀, bọ́ọ̀sì ńláńlá tó ń lọ Accra ń gba ojúde wa kọjá. Oníṣòwò ló pọ̀ jù nínú èrò tí wọ́n ń kó. Bí ẹnì kan nínú wọn kò bá dúró sí Accra, tó wọ ọkọ̀ míràn lọ sí Tamale, tó sì gba Damongo kọjá, yóò bá ara rẹ̀ níbi tí erin ti ń mu omi lójú ọ̀sán gangan.

Bí Dìsẹ́ńbà bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ẹbí wa tó wà ní Ìlú Ọba á bẹ̀rẹ̀ sí í pè. “Ẹ̀gbọ́n, à ń kó àwọn ọmọ bọ̀ wálé o. Wọ́n láwọn fẹ́ ṣe sàfárì.” Kẹ́ńyà ló máa ń wà lẹ́nu wọn, n kì í sì í bá wọn jiyàn. Kìnnìún pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, agbo ẹran ọ̀kẹ́ àìmọye tó ń rọ́ gba odò Mara kọjá láàárín Júláì sí Ọ̀kítóbà kò sì lẹ́gbẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ iye rẹ̀ ná. Láti ọdún 2024, àgbàlagbà tó jẹ́ àlejò láti Ìlú Ọba yóò san $200 fún ọjọ́ kan ṣoṣo kó tó wọ Masai Mara láàárín Júláì sí Dìsẹ́ńbà. Owó ẹnu ọ̀nà lásán nìyẹn. A ò tíì sọ ti ọkọ̀ òfurufú, ti ọkọ̀ inú igbó, ti ibùsùn.

Ibi tó sún mọ́ wa jù tí kìnnìún ṣì pọ̀ sí díẹ̀ ni Pendjari, ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni wọ́n bi mí, ibẹ̀ ni ǹ bá ní kí wọ́n lọ. Ní Méè 2019, wọ́n jí ọmọ Faransé méjì gbé níbẹ̀, wọ́n sì pa Fiacre Gbédji, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń mú wọn rìn. Lọ́dún 2022, àwọn agbébọn pa àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó nínú ọgbà W tó wà ní agbègbè kan náà. Ẹ má lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun mọ ọ̀nà tí òun á gbà mú yín wọlé lówó pọ́ọ́kú, ẹ má dá a lóhùn. Nílé níhìn-ín, Yankari wà ní Bauchi, erin wà níbẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ Wikki sì tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ rìnrìn-àjò. Àmọ́ ọkọ̀ òfurufú ni kí ará Èkó wọ̀ lọ, kí ó sì béèrè bí ìlú ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tó ti ibẹ̀ dé lóṣù yìí, kì í ṣe ẹni tó lọ léèṣí. Ní ti ọgbà ìṣẹ̀dá tó wà ní Lẹkí, ó dára fún ọmọdé láti fi kọ́ bí a ti ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọ̀bọ wà níbẹ̀, afárá orí igi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ míràn, ẹni tó bá kúrò ní Iyana-Ìbà lè dé Kútọnu kó tó dé Lẹkí.

Mole ni mo máa ń ní kí wọ́n lọ, ní àríwá Gánà. Ọdún 1971 ló di ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó 4,840 kìlómítà onígun mẹ́rin. Wọ́n lè gbé gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó sínú rẹ̀, tọ̀sàtọ̀sà, kí àyè ṣì ṣẹ́ kù. Òtẹ́ẹ̀lì kan wà lórí òkè nínú igbó náà, ibi omi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí erin máa ń wá wẹ̀. Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá ẹran, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ igbó tó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Nínú ọ̀pọ̀ ọgbà tí wọ́n ń fi hàn wá lórí tẹlifíṣọ̀n, inú ọkọ̀ lẹ ó wà látàárọ̀ dalẹ́. Kìnnìún ṣọ̀wọ́n púpọ̀ ní Mole, kí ẹ sì tètè sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má fi ọkàn sí i.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ. Nígbà òjò, koríko á ga ju èèyàn lọ, omi á wà káàkiri, erin ò sì ní rí ìdí kan tí òun á fi wá sí ìsàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí koríko bá ti jó, tí àwọn ibi omi kéékèèké bá ti gbẹ, òùngbẹ ni yóò kó wọn wá fún yín. Ọyẹ́ wà nínú rẹ̀ o. Ní Dìsẹ́ńbà àti Jánúárì, àárọ̀ máa ń tutù, eruku á bo ojú ọ̀run, fọ́tò á sì máa hàn bàìbàì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kò bá so mọ́lẹ̀, kó dúró di ìparí Fẹ́búárì tàbí Máàṣì. Ooru á mú un, àmọ́ yóò rí ẹran.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí ni ojú ọ̀nà. Láti ọdún 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti fàyè gba ọmọ ilẹ̀ kan láti wọ ilẹ̀ kejì fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń nájà ní Alábà mọ èyí, wọ́n sì ti mọ́ ọn lára débi pé wọn kì í mú pásípọ́ọ̀tù dání mọ́. Ẹnu àti owó ni wọ́n fi ń kọjá. Ẹni tó kó ọmọ dání kò gbọ́dọ̀ dán irú rẹ̀ wò. Bọ́dà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀, Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji àti Aflao, ìjáde kan àti ìwọlé kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ bá ti fo òǹtẹ̀ kan, bọ́dà tó kàn ni wọ́n ti máa gbẹ̀san rẹ̀ lára yín. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ fúnra yín, ẹ gbé ìwé yín lọ sí ojú fèrèsé, ẹ má fà á lé ọmọ tó sáré wá pàdé yín lọ́wọ́ tó ní òun á bá yín ṣe é kíákíá. Ẹ ka déètì orí òǹtẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba nìkan ni wọ́n ní ńkọ́? Àdéhùn ọjọ́ 90 yẹn kò kàn wọ́n. Wọ́n nílò físà Bẹ̀nẹ̀, ti Tógò àti ti Gánà, yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń da ìrìn-àjò ẹbí rú jù, nítorí bàbá àti ìyá tó ní ìwé Nàìjíríà kì í rántí pé ìwé ọmọ àwọn yàtọ̀ sí tàwọn. Fún irú ẹbí bẹ́ẹ̀, ó sàn kí wọ́n gba físà Gánà nìkan, kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú láti Ikẹjà sí Accra, kí wọ́n tún wọ òmíràn sí Tamale. Ó wọ́n ju bọ́ọ̀sì lọ, àmọ́ ó rọrùn ju físà mẹ́ta lọ.

Yẹ́lò káàdì kò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lára kí káàdì tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń sáré gbà ní àná ọjọ́ ìrìn. Láti ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan téèyàn bá ti gbà á, ó di títí ayé. Èyí tí wọ́n ń tà fúnni láìgún abẹ́rẹ́, bébà lásán ni, ẹ̀fọn inú igbó kò sì mọ̀wé kà.

Ní Sẹ̀mẹ̀, ẹ ṣẹ́ sẹ́fà díẹ̀, ìwọ̀nba tó tó oúnjẹ àti omi. Ti sídì, ẹ fi dé Aflao. Bí ẹ bá ti wọ Tógò, ẹ dá aago yín padà ní wákàtí kan. Ẹ má sì rin ìrìn-àjò náà láìdúró. Ẹ sùn ní Accra, ẹ sùn ní Kumasi tó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú mọ́ kí ẹ tó kọrí sí Tamale. Láti Tamale dé Mole kò ju nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ. Kí ẹ tó sanwó òtẹ́ẹ̀lì, ẹ gbọ́ ìròyìn: Nàìjíríà ti bọ́dà pa láti Ọ́gọ́ọ̀sì 2019 títí di Dìsẹ́ńbà 2020, Gánà náà sì ti tirẹ̀ láti Máàṣì 2020 di Máàṣì 2022. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí lè tún ṣẹlẹ̀.

Ní ti aṣọ, mo mọ̀ pé jíǹsì ni gbogbo ọmọ Ọ̀jọ́ á fẹ́ wọ̀. Ẹ fi sílé. Irù kan wà nínú igbó náà tó lè gbé àìsàn oorun kiri, àwọ̀ búlúù àti dúdú ló sì máa ń fà á mọ́ra. Àwọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń lò fún pańpẹ́ tí wọ́n fi ń mú un. Aṣọ aláwọ̀ eruku, apá gígùn, bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀. Ẹni tó bá wọ sálúbàtà, wọ́n á ní kó háyà bàtà òjò kó tó tẹ̀ lé wọn. Kí fóònù dákẹ́ pátápátá. Kò sí ohun tó burú tó kí orin ìyìn ké látinú àpò ẹnì kan nígbà tí erin wà níwájú.

Ìrìn àárọ̀ ló dára jù, ní nǹkan bí aago méje. Ẹ̀ṣọ́ igbó á máa wo ilẹ̀, á fi ìka tọ́ka sí ìgbẹ́ erin, á sọ fún yín bóyá ti òru àná ni tàbí ti àárọ̀ yẹn. Á bu erùpẹ̀ díẹ̀, á jẹ́ kó dà sílẹ̀, kó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí èyí, àwọn ọdẹ wa ló wá sí mi lọ́kàn, torí ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn kí wọ́n tó ní ìwé kankan tó kọ́ wọn. Lẹ́yìn náà la rí akọ erin kan létí omi. Erùpẹ̀ pupa ti gbẹ mọ́ ọn lára, awọ rẹ̀ sì ti la wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ògiri alámọ̀ tí ọyẹ́ ti fẹ́ sí. Ó fi ọwọ́ ìjà fa omi, ó rọ ọ́ sẹ́nu, ó tún fa òmíràn. Etí rẹ̀ kò dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tó dá a dúró, tó nà án síta, ẹ̀ṣọ́ wa kò sọ̀rọ̀. Ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, gbogbo wa sì fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ní ẹni tí kò lè gbọ́ràn láàárín ẹ̀gbẹ́ yín, ẹ fi í sílẹ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì.

Kò ní ṣàárò nǹkan kan níbẹ̀ náà. Ìmàdò á wá jẹko ní iwájú yàrá, á kúnlẹ̀ lórí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kí ẹnu rẹ̀ lè tólẹ̀. Àwọn ọ̀bọ ńlá ẹlẹ́nu gígùn á máa ṣọ́ ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, wọ́n á wọlé, wọ́n á kó búrẹ́dì jáde. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ, bó ti wù kí ọmọ bẹ̀ yín tó. Mọ́ṣáláṣí alámọ̀ Larabanga wà nítòsí, ẹ lè yà síbẹ̀. Kí ẹ bá àwọn tó ń mú àlejò rìn níbẹ̀ dá iye owó kí ẹ tó tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Mo mọ àwọn tó ń ti wíwo àgbọ̀nrín bọ̀, tí wọ́n á tún dúró lẹ́bàá ọ̀nà ra ẹran ìgbẹ́. N kò mọ ohun tí mo lè sọ sí ìyẹn. Eyín erin àti awọ ẹkùn yàtọ̀, òfin ò fàyè gba kí ẹ gbé wọn kọjá bọ́dà, bí ẹni tó ń tà á tilẹ̀ búra pé ti bàbá bàbá òun ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ ibà. Àwa tí à ń gbé Ìbà, ẹ̀fọn ti jẹ wá jẹ wá, ara wa ti mọ bó ṣe ń bá a jà díẹ̀. Ti ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham kò mọ̀ ọ́n, bí orúkọ rẹ̀ tiẹ̀ jẹ́ Àyọ̀mídé. Kí dókítà ti kọ oògùn fún un kó tó wọkọ̀, kí wọ́n sì mọ̀ pé oògùn náà kì í parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé ilé: Malarone ń gba ọjọ́ méje lẹ́yìn ìrìn-àjò, doxycycline tí wọ́n ń fún àwọn tó dàgbà díẹ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ ni kí ẹ bá sọ ọ́, torí ọmọ tó ti ń fi fọ́tò erin han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì kò ní rántí oògùn. Bí ara bá gbóná láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, kí wọ́n sọ fún dókítà ibẹ̀ ní gbólóhùn àkọ́kọ́ pé ọmọ náà ti Nàìjíríà àti Gánà dé.