Fóònù Kan fún Gbogbo Kíláàsì

Àwọn atẹ̀wé pọ̀ ní Ṣómólú, l'Ékòó. Olùkọ́ tó wà l'Abúlé Òkúta nítòsí ibẹ̀ kò ní rìn jìnnà kó tó rí ẹni tí yóò bá a tẹ káàdì Plickers, ìyẹn áàpù tó ń fi kámẹ́rà fóònù ka ìdáhùn àwọn ọmọ. Àmì dúdú kan ló wà lára káàdì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dúró fún A, B, C àti D. Ọmọ á yí ìdáhùn tó mú sókè, á na káàdì rẹ̀. Olùkọ́ á gbé kámẹ́rà fóònù rẹ̀ yí kíláàsì ká, ìdáhùn gbogbo wọn á sì wọlé. Àmì káàdì kan yàtọ̀ sí òmíràn, nítorí náà ẹnìkan ò lè jí ti ẹnìkejì wò. Ọmọ tí ojú máa ń tì láti nawọ́ á na káàdì láìbẹ̀rù.

*

Ọpọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba Ọ̀ṣun gbé jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama lọ́dún 2013 kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá jọ sójú ẹ̀rọ kan. Iṣẹ́ ńlá ni. Èmi á tún fẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn máa gbé ìbéèrè kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tó bá lè ronú kan ìdáhùn mẹ́ta tó jọ òótọ́ tí kì í sì í ṣe òótọ́, iṣẹ́ náà ti yé e dénú.

*

Ẹ gbin ẹ̀wà sínú òwú tútù, nínú ife tó mọ́ gaara. Kí ọmọ kan máa ya fọ́tò rẹ̀ láràárọ̀ láti ojú kan náà. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi ìka yí àwọn fọ́tò náà kíákíá: gbòǹgbò á kọ́kọ́ já wálẹ̀, èéhù á tẹ̀ lé e lọ sókè. Gbogbo kíláàsì ló máa ní kí ẹ tún un ṣe.

*

Afárá Third Mainland, tí wọ́n parí lọ́dún 1990, gùn tó kìlómítà 11.8, ó sì gba ojú ọ̀sà kọjá níwájú Bàrígà. Ẹ tẹ àwòrán rẹ̀ láti orí Google Maps sórí ìwé. Kí àwọn ọmọ wá àdúgbò iléèwé wọn, kí wọ́n fi rúlà wọn afárá náà, kí wọ́n sì ṣírò iye mítà tí sẹ̀ntímítà kan dúró fún.

*

Kí òbí gba ohùn ìyá àgbà tó ń pàlọ́ sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ lórí WhatsApp. Ẹ dá ohùn náà dúró kí àlọ́ tó parí, kí àwọn ọmọ parí rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà sọ tirẹ̀. Bí ohùn ò bá dé ẹ̀yìn, ẹ gbé fóònù sínú abọ́ òfìfo. Ọmọ tó bá béèrè ìdí tí ohùn fi ròkè ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ físíìsì nìyẹn.

*

Wíwá ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ yóò fi dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ lọ́dún 1955. Nígbà tí tẹlifíṣàn WNTV sì bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn ní October 31, 1959, ẹ̀kọ́ fún àwọn iléèwé wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí kòrónà ti iléèwé pa lọ́dún 2020, rédíò ló gbé olùkọ́ wọlé tọ ọmọ lọ l'Ékòó. Ẹ̀rọ wọ̀nyẹn gbé ohùn olùkọ́ jìnnà, ṣùgbọ́n wọn ò lè rí ojú ọmọ tí ẹ̀kọ́ ò yé. Olùkọ́ inú kíláàsì rí i. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà.

*

Ẹ pa dátà kí ẹ tó gbé fóònù síwájú ọmọ, kí àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp ẹlòmíràn má baà yọjú. Fọ́tò ẹ̀wà lè lọ sórí Facebook. Ti ojú ọmọ kò gbọdọ̀ lọ láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2023 lórí ìdáàbòbò dátà dúró lórí èyí, ó sì yẹ kí ọmọ mọ̀ ọ́n láti kékeré pé òun lòun ni àwòrán òun.