Àwọ̀ Tí Ojú Ń Pò

Ọ̀nà méjì ni àwọ̀ méjì lè gbà di ọ̀kan. Èkíní ni kí ènìyàn da ọ̀dà méjì sínú àwo kan, kí ó sì rò wọ́n pọ̀ títí a kò fi ní lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì mọ́. Èkejì ni kí ó to wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní àmì róbótó kéékèèké, láìjẹ́ kí wọ́n pò, kí ó sì fi ìyókù iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ojú ẹni tí yóò wò ó láti òkèèrè. Ọ̀nà kejì yìí ni àwọn ará Faransé ń pè ní pointillisme, Georges Seurat ni a sì mọ̀ mọ́ ọn jù lọ, nítorí àwòrán ńlá tí ó yà láàrin ọdún 1884 sí 1886, tí ó fẹ̀ ju mítà 3 lọ, tí ó fi ṣàfihàn àwọn tí ń gbafẹ́ létí odò Seine, tí ó sì wà ní Chicago lónìí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi ọ̀nà yìí kọ́ ọmọ ní Ẹdẹ kò ní láti ti Paris bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí Seurat ń wá wà lára aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ tí ọmọ náà ń rí lọ́jọ́ ọdún àti lọ́jọ́ ìnáwó.

A lè kọ́kọ́ mú ẹtù, aṣọ òfì àwọn àgbà, ṣe àpẹẹrẹ. Òwú tí a rẹ sínú aró léraléra títí ó fi sún mọ́ dúdú ni a fi ń hun ún, a sì ń fi fọ́nrán òwú funfun tàbí ti aró fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ la àárín rẹ̀, débi pé ẹni tí ó bá mú un dání lè ka ìlà wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹni tí ó wà ní ìdìkejì àgbàlá kò ní rí ìlà kankan, bí kò ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo tí ó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju aró lásán lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú àdìrẹ oníkò tí àmì rẹ̀ kéré tí ó sì pọ̀, àti pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun tí àwọn oníṣàngó ń sín sọ́rùn. Ojú ènìyàn ní ààlà: àmì tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 1 máa ń dà pọ̀ mọ́ ìkejì rẹ̀ nígbà tí ẹni tí ń wò ó bá ti tó nǹkan bí mítà 3 àbọ̀ sí i, ti mìlímítà 2 sì di nǹkan bí mítà 7.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti lágbára jù lọ ni ibi tí ó ti tako ohun tí a ti há sórí. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n kọ́ pé yẹ́lò àti búlúù ń di àwọ̀ ewé, òótọ́ sì ni, nínú àwo. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá to àmì yẹ́lò àti búlúù tán, tí ó sì rìn sẹ́yìn kí ó lè rí àwọ̀ ewé, ohun tí yóò sábà rí ni àwọ̀ kan tí ó jọ eérú, tàbí àwọ̀ ewé tí ó ti ṣá, kò sì ṣe àṣìṣe kankan. Ọ̀dà ni ó máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì: yẹ́lò ń gbé apá búlúù inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn mì, búlúù náà ń gbé apá pupa mì, nígbà tí a bá sì rò wọ́n pọ̀, àwọ̀ ewé nìkan ni àwọn méjèèjì jọ dá sí. Nígbà tí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí èyí tí ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ èkejì mì, oníkálukú ń rán tirẹ̀ wá, ojú sì ń pín in dọ́gba. James Clerk Maxwell ti fi èyí hàn ní nǹkan bí ọdún 1855, nígbà tí ó lẹ bébà aláwọ̀ mọ́ àwo róbótó tí ó ń yí bíríbírí, tí ó sì rí i pé yẹ́lò àti búlúù kò di àwọ̀ ewé rárá. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi ìjákulẹ̀ yìí pamọ́ fún ọmọ, nítorí òun gan-an ni yóò jẹ́ kí ó béèrè ìdí tí fóònù fi ń lo àmì pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, dípò pupa, yẹ́lò àti búlúù inú àpótí ọ̀dà. Bí a bá kán omi díẹ̀ sójú fóònù tí ó funfun, àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábà máa ń yọ lábẹ́ rẹ̀.

Ó tọ́ kí a rántí pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá aláró ni Seurat àti àwọn ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọgbọ́n wọn. Michel Chevreul ni ó ń bójú tó aró rírẹ ní ilé-iṣẹ́ Gobelins ní Paris. Nígbà tí wọ́n ń ráhùn pé òwú dúdú kan kò dúdú tó, ó rí i pé aró náà kò ní àbùkù, àwọ̀ tí a hun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ń yí i padà lójú, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1839.

Ẹdẹ náà kò jìnnà sí irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni Ulli Beier àti Susanne Wenger, àwọn ará Yúróòpù méjì tí iṣẹ́ ọnà jẹ lógún, gbé kí wọ́n tó dé Ìlobùú àti Òṣogbo, Òṣogbo sì ni Jimoh Buraimoh, tí ó ti bójú tó iná orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pátákó dípò ọ̀dà. Ìlẹ̀kẹ̀ kò ṣeé rò pọ̀ nínú àwo; ẹni tí ó bá ń fi í ṣe àwòrán, títò nìkan ni ó kù fún un, ìyẹn ni pé kí ó mọ iye pupa tí yóò wà láàrin yẹ́lò kí ojú tó rí àwọ̀ ọsàn.

Ọmọ ilé-ìwé lè fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tí a wé òwú mọ́ lórí ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n àmì tí irú igi bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ sábà máa ń tó mìlímítà 5, èyí tí yóò gba nǹkan bí mítà 17 kí ó tó pò lójú, kíláàsì púpọ̀ kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí olùkọ́ gbé iṣẹ́ náà jáde, kí ó gbé e kọ́ ara ògiri, kí àwọn ọmọ sì máa rìn sẹ́yìn lórí pápá títí olúkúlùkù yóò fi sọ ibi tí àmì náà ti pòórá lójú tirẹ̀.