Àtẹ̀gùn Mẹ́rin Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Mi

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, wọ́n ti àkáǹtì ẹ̀gbọ́n mi pa ní báǹkì. Kì í ṣe pé ó jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Àṣẹ ti jáde pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù náà, àkáǹtì tí a kò bá so nọ́ńbà BVN àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní NIN mọ́, ẹni tó ni ín kò ní lè fa kọ́bọ̀ yọ nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní NIN. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń rọ̀ ọ́ pé kí ó lọ gbà á, tí ó sì ń sọ pé bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ òun yóò lọ. Nínú ọkàn mi, mo ka èyí sí ìmẹ́lẹ́. Ọjọ́ tí mo tẹ̀ lé e lọ ni mo tó mọ ohun tí ó ń sá fún.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú un ní àdúgbò Ìlódè níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1970. Wọn kò tíì bí mi nígbà náà. Ìyá wa ni ó ń pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi lè gbé e mọ́. Lẹ́yìn náà ni bàbá wa gbẹ́ ọ̀pá méjì fún un, tí ó ń fi sí abẹ́ abíyá rìn. Ọ̀pá yẹn ni ó fi lọ kọ́ iṣẹ́ rédíò títúnṣe, òun náà ni ó fi rìn lọ síbi ìgbéyàwó rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí dókítà sì ní kí ó dín ọ̀pá kù. Láti ìgbà náà ni ó ti ń lo àga oníkẹ̀kẹ́. Ní oṣù Ògún ọdún 2020, wọ́n kéde pé agbègbè Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ ògidì kòkòrò àrùn náà. Inú gbogbo wa dùn, ó sì tọ́ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n àwọn tí àrùn náà ti fi ọwọ́ bà kí ó tó lọ ṣì wà láàárín wa. Wọ́n ń san owó orí, wọ́n ń tọ́jú ọmọ, wọ́n sì ń wá NIN.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì náà wà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Mo ka àtẹ̀gùn rẹ̀, mọ́kàndínlógún ni. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tí wọ́n dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ tó wà nísàlẹ̀ sáré wá, wọ́n ní kí àwọn gbé e. Ọmọlúàbí ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì kọ̀. Ó ní, "Mo ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Ẹ má gbé mi bí àpò gàrí." Ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó kẹ̀yìn sí òkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì gbé ara rẹ̀ gòkè, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Bùbá funfun ni ó wọ̀, nítorí pé wọn yóò ya fọ́tò rẹ̀.

Nígbà tí ó dé àárín, ìyá àgbàlagbà kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ dúró, ó wò ó, ó ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì fi igba náírà lé e lórí itan. Ẹ̀gbọ́n mi mú owó náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà. "Ẹ ṣeun, màmá. NIN ni mo wá gbà, n kò wá ṣagbe." Ojú ti ìyá náà. Ojú ti èmi náà, níbi tí mo dúró sí lẹ́yìn, tí mo gbé àga rẹ̀ dání.

A dé òkè. Ọ̀gbẹ́ni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì ti lọ, kí a padà wá lọ́la.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1990, ní ìlú Washington, ọ̀pọ̀ àkàndá ẹ̀dá fi àga àti ọ̀pá wọn sílẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, wọ́n sì wọ́ gun àtẹ̀gùn rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tí ń jẹ́ Jennifer Keelan wà lára wọn. Wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni, kí àwọn aṣòfin tí wọ́n ń fi òfin wọn falẹ̀ lè rí ohun tí àtẹ̀gùn jẹ́. Àwọn oníròyìn ya fọ́tò. Nígbà tí ó di oṣù Agẹmọ ọdún náà, Ààrẹ George H. W. Bush buwọ́ lu òfin náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ nípa àwọn wọ̀nyí rí. Kì í ṣe ẹ̀hónú ni ó ń fi hàn, owó ara rẹ̀ ni ó fẹ́ gbà. Èmi tí mo fi ọdún méjìlá ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, fóònù wà lápò mi, n kò ya fọ́tò kan ṣoṣo. Títí di òní n kò lè sọ bóyá ọ̀wọ̀ ni mo fi bò ó ni, tàbí ojú ló ń tì mí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a lọ. Ní ìgbà kẹta, ọmọbìnrin kan tí ó jọ pé iṣẹ́ ìsìnrúùlú ni ó ń ṣe níbẹ̀ rí wa láti ojú fèrèsé. Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìka sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ aláṣọ kí ó fún un ní ìgun tábìlì rẹ̀ kan, ó sì parí iṣẹ́ náà kí omi tí mo rà fún un tó gbóná. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún un. Ohun tí ó ṣeé ṣe ní ìgbà kẹta ṣeé ṣe ní ìgbà kìn-ín-ní.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan rò pé àánú ni mo ń wá. Òfin ni mo ń sọ. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tí ó ka yíya àwọn àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Òfin náà fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò, àti àwọn ọkọ̀ pẹ̀lú, ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi tún ara wọn ṣe, tí àkàndá yóò fi lè wọlé kí ó sì jáde láìsí ìdíwọ́. Ó ní níbi tí àwọn ènìyàn bá ti tò sí ìlà, àkàndá ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Ó ní kí wọ́n yẹ àwòrán ilé tuntun wò kí wọ́n tó kọ́ ọ, àti pé òṣìṣẹ́ tí ó bá buwọ́ lu àwòrán tí ó tako ìlànà yóò san ó kéré tán mílíọ̀nù kan náírà, tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí kí ó gba méjèèjì. Ọdún márùn-ún yẹn pé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi fi ìdí gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

A kò dá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ghana ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2006, wọ́n sì fún àwọn onílé ní ọdún mẹ́wàá gbáko. Ọdún 2016 dé, ó sì kọjá, àtẹ̀gùn ṣì pọ̀ ní ẹnu ọ̀nà wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní tirẹ̀ láti ọdún 2011. Ohun tí mo rí kọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé àkókò tí a fi sílẹ̀ fún ìmúra, ìgbàgbé ni a máa ń fi ṣe.

Ẹ bá mi rìn díẹ̀ ní Ifẹ̀. Láàárín títì Lágere àti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, gọ́tà kan wà tí kò ní ìdérí. Pákó méjì ni ó tẹ́ sórí rẹ̀, pákó náà sì máa ń bá àgbàrá lọ nígbà òjò. Àwọn awakọ̀ kòrópe kan ń gba owó ènìyàn méjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àga rẹ̀, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ dúró. Àwọn báǹkì wa ní ilẹ̀kùn onígíláàsì tí ń gba ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, tí ń ti ara rẹ̀ kí ó tó ṣí. Àga oníkẹ̀kẹ́ kò lè wọ ibẹ̀. Ìta ni wọ́n ti ń jáde wá bá a, pẹ̀lú ìwé owó rẹ̀, lójú gbogbo ayé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ owó ṣe rí nílẹ̀ yìí, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé, amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Láti kékeré ni mo ti rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìsàlẹ̀ tí ó ń sọ. Nísinsìnyí mo rò pé ó yẹ kí a wò kọjá ẹsẹ̀ rẹ̀, kí a wo ilẹ̀ tí ó dúró lé.

Ìlú wa gan-an ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ èyí. Níhìn-ín ni a ti ń sọ pé Ọbàtálá ni ó ń mọ ara ènìyàn, pé ọjọ́ tí ó mu ẹmu yó ni ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, àti pé ìdí nìyẹn tí àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fi í mu ẹmu. Arọ, abuké, afọ́jú, àfín, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kristẹni ni mí, ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún èrò tó wà nínú ìtàn yẹn: ẹni tó ṣe àṣìṣe gbà pé tòun ni, ó sì yí ìgbé ayé ara rẹ̀ padà nítorí rẹ̀. Àwa ti mú orúkọ náà, a fi ojúṣe tó bá a wá sílẹ̀. Orúkọ ọlọ́wọ̀ kò gbé ẹnikẹ́ni gun òkè.

Àwa oníròyìn náà kò mọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ 3 oṣù Ọ̀pẹ, tí í ṣe ọjọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá lágbàáyé, a máa ń tẹ fọ́tò olóṣèlú tó ń pín àga oníkẹ̀kẹ́. Èmi fúnra mi kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. N kò bi ọ̀kan nínú wọn rí pé, níbo ni àga yìí yóò gbà?

Ní ọjọ́ tí ó gba NIN rẹ̀, bí a ti ń padà bọ̀, inú ń bí mi. Mo sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo máa kọ ọ́. Gbogbo ayé ni yóò kà á." Ó dákẹ́ títí a fi kọjá Máyéfà. Ó wá ní, "Kí o tó kọ ọ́, ilé tí o kọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti wọ inú rẹ̀?"

Ọdún 2016 ni mo kọ́ ilé náà. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń wá lọ́jọ́ ọdún àti lọ́jọ́ ìsinmi. Abẹ́ igi máńgòrò ni ó máa ń jókòó sí. Ibẹ̀ ni a ti ń gbé oúnjẹ bá a, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ mi ti ń lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo rò pé atẹ́gùn ni ó ń gbà. Àtẹ̀gùn ni ó ń yẹra fún. Mẹ́rin péré ni, mo sì fi táìsì olówó iyebíye tẹ́ wọn. Ọdún mẹ́jọ, ilé àbúrò rẹ̀, kò mọ àwọ̀ ògiri pálọ̀ mi.

Mo pe bíríkìlà. Mo ti kà á pé bí ibi tí a fẹ́ gùn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà kan, ó yẹ kí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò gbé àga débẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjìlá. Àtẹ̀gùn mi mẹ́rin ga tó sẹ̀ǹtímítà 60. Èyí túmọ̀ sí pé mo nílò mítà méje àti ààbọ̀ díẹ̀ dín. Mítà márùn-ún péré ni ó wà láàárín ilẹ̀kùn mi àti géètì. Bíríkìlà wo ilẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Alàgbà, ṣé mọ́tò ni ẹ fẹ́ máa wà wọ pálọ̀ ni?" Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó ní kò sí wàhálà, òun yóò gé e kúrú. Ó gé e kúrú lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó wò ó láti ìsàlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Èyí, ọ̀bọ ni yóò gùn ún." A fọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kejì, a mú kí ó yí po lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a sì fi irin ìdìmú sí i. Àpò símẹ́ǹtì tí ó jẹ kò tó iye tí mo ná lórí táìsì. Ká ní mo ti rò ó nígbà tí mo ń ya àwòrán ilé ni, kò bá má tilẹ̀ hàn nínú ìnáwó. Ìyá ìyàwó mi tí orúnkún ń dùn ni ó kọ́kọ́ gba ibẹ̀, kí símẹ́ǹtì tó gbẹ dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé ní ọjọ́ Àìkú. Ó yí àga rẹ̀ ká pálọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò yára. Ó dúró níwájú ògiri tí mo gbé fọ́tò ìyá wa kọ́, ó gbé orí sókè, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ta ni ó gbé màmá kọ́ ibi gíga tó báyìí?" Mo sọ fọ́tò náà kalẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó béèrè ilé ìtura. Mo tì í débẹ̀. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò gba àga náà, ó fi nǹkan bí ìka mẹ́rin kéré.

Bíríkìlà ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.